Ẹní Tí Ọkùnrin Náà Gbé

Kà: Jòhánù 5:1-10

Ọdún 38 ni ọkùnrin ẹ̀bá adágún Bẹtẹ́sídà fi wà nínú àìsàn. Nígbà tí Jésù bi í bóyá ó fẹ́ kí ara òun yá, ohun tó ní láti sọ ni pé òun kò lẹ́ni tí yóò gbé òun sínú omi. Omi kò kúkú jìnnà sí i. Ẹni ni kò ní.

Ọdún 1956 ni David Morley, òyìnbó tó jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Oògùn wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà. Ṣùgbọ́n kí ìyá tó wà lábúlé tó rí owó ọkọ̀, kó tó rí ẹni tí yóò ṣọ́ àwọn ọmọ yòókù dè é, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rù kan eegun. Èéyi, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìwọ wo àwọn orúkọ àbíkú tí a jogún: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúróoríkẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn.

Morley kò jókòó ti omi. Ó lọ sí ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á sàmì sí káàdì. Bí àmì bá ń gòkè lóṣooṣù, ọmọ ń dàgbà. Bó bá dúró sójú kan, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń ṣeré.

Káàdì yẹn, ìyá ló ń gbé e lọ sílé nínú ọ̀rá, ìbáà má mọ̀wé rárá. (Ẹni tí wọ́n bá ti wá fáìlì rẹ̀ rí nílé ìwòsàn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn án lórí, kò ní bi mí pé ta ló mọ ìwé tọ́jú jù.)

Jésù náà kò gbé ọkùnrin yẹn sínú omi. Ẹní tó ti ń gbé e láti ọjọ́ yìí wá, òun ni Jésù ní kó gbé. Ọjọ́ ìsinmi ni, ohun tó sì bí àwọn olórí Júù nínú nìyẹn: wọn ò béèrè bí ara ṣe rí, ẹní tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n rí. Mo mọ irú ọkàn bẹ́ẹ̀ nínú ara mi. Mo lè fún aláìní lówó oògùn, kí n má sì lè fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un ohun tó ń ṣe é.

Àdúrà: Olúwa, ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná dúró ní ìkóríta láàárọ̀ yìí, jẹ́ kí ẹnìkan ti máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́ lójú ọ̀nà. Àmín.