Àdúrà Níbi Tí Ẹ̀sìn Ti Ju Ọ̀kan Lọ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nílẹ̀ Yorùbá, ibi ìkómọjáde la ti máa ń rí òtítọ́ òwe yìí. Bàbá ọmọ lè jẹ́ Mùsùlùmí, kí ìyá ọmọ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, kí bàbá àgbà sì jẹ́ oníṣẹ̀ṣe. Ààfáà àti pásítọ̀ á jọ jókòó. Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n gbàdúrà?

Gbogbo wọn ló gbà pé Ẹlẹ́dàá kan ṣoṣo ló wà. Súrà kejìléláàádọ́fà nínú Kùránì, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré, dá lórí èyí. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù fi lélẹ̀ ní Níséà lọ́dún 325 fi Ọlọ́run kan bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ̀ṣe náà mọ̀ pé iṣẹ́ Olódùmarè ni àwọn òrìṣà ń jẹ́; a kì í gbẹ́ ère Olódùmarè. Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, kọ odindi ìwé lórí Olódùmarè lọ́dún 1962.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ohun tí Kìrìsìtẹ́nì ń sọ nípa Jésù, Mùsùlùmí kò lè bá a sọ ọ́. Ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀ kò bọ̀wọ̀ fún ẹnì kankan nínú wọn. Kí olúkúlùkù gbàdúrà bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kó má tijú, kó má sì fi àdúrà sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn. Ìre ni wọ́n pe pásítọ̀ wá sú fọ́mọ. Kò tọ́ kó máa gégùn-ún fún òrìṣà ilé lójú bàbá àgbà. Kò sì tọ́ kí ààfáà sọ àdúrà di wáàsí tí yóò fi bú àwọn àna.

Bí bàbá àgbà bá fi omi kan ọmọ lẹ́nu, tí wọ́n ní omi kì í lọ́tàá, ọmọ yìí náà kò ní lọ́tàá, kí ló dé tí a ò ní ṣe àmín? Ìre la ṣe àmín sí. Èyí tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ kò bá gbà, dákẹ́ síbẹ̀. Má pòṣé, má sì dìde jáde.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ ọ̀kan lóòótọ́, Òun náà ló dá ẹni tó ń gbàdúrà lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiwa. Ẹni tó bá ń kẹ́gàn ẹ̀dá Rẹ̀ kò tíì gba ohun tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ́wọ́ gbọ́.