Ta Ni Ó Ni Ọnà Tí Ó Wà Lójú Ìwé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó mọ inú rò ni ó mọ ọpẹ́ dá. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ẹni tí a fún ní oúnjẹ tàbí ẹni tí a yá lówó. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ohun rere lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú irú wọn ni ẹni tí ń ṣe ọnà sí ìwé. Kò sí ayàwòrán tí ó dá ọgbọ́n ara rẹ̀ bí. Ó wo iṣẹ́ àwọn aṣáájú, ó mú nínú rẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Nígbà wo ni irú mímú bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ kíkọ́? Nígbà wo ni ó sì di olè jíjà? Ìbéèrè yìí tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìtàn àwọn ayàwòrán olókìkí, tí òun náà sì ń ṣètò ìwé pẹlẹbẹ tí yóò gbé lọ fún òǹtẹ̀wé.

Bí ibì kan bá wà tí ìbéèrè náà ti ta gbòǹgbò, Ìlú Bìní ni. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà ayé Ọba Esigie, àwọn agbẹ́nà tí ń fi eyín erin ṣiṣẹ́ fún ààfin, ìyẹn ẹgbẹ́ Igbesanmwan, gbẹ́ ère ojú kan. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ojú Idia, ìyá ọba náà, ni ó dúró fún. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ja ìlú náà, wọ́n sì kó ẹrù ààfin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Ère ojú Idia kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1910.

Nígbà tí ilẹ̀ Nàìjíríà ń múra FESTAC, àjọ̀dún ńlá tí gbogbo ènìyàn dúdú ṣe ní Èkó ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá wọn ní ère yìí. Àwọn tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn kọ̀ jálẹ̀. Erhabor Emokpae, ọmọ Bìní tí a bí ní 1934, ni ó fi àwòrán ère náà ṣe àmì àjọ̀dún. Àmì yìí hàn lára aṣọ, lára ìwé ìpolówó, àti lójú ìwé pẹlẹbẹ lóríṣiríṣi. Ère gidi kò wá sílé, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wọ ilé àwọn tí kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí.

Ǹjẹ́ a lè pe Emokpae ní olè nítorí pé ó mú ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Rárá o. Àwọn tí ó kó ère lọ ní 1897 sọ ààfin di òfìfo. Ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ kò dín ohunkóhun kù níbẹ̀. Èkejì, ohun tí ó mú kò fara pamọ́: ibi tí ère náà ti wá ni wọ́n fi ń yangàn. Nítorí náà, kì í ṣe àwòkọ ni ó ń sọ ènìyàn di olè. Fífi orísun pamọ́ ni.

Ẹnìkan lè ní àṣà àwọn baba ńlá kò bèèrè fún orúkọ. Àwọn Igbesanmwan kò kọ orúkọ sára eyín erin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbẹ́nà Yorùbá kò kọ tiwọn sára òpó. Òtítọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ní Bìní, gbogbo ìlú ni ó mọ ẹgbẹ́ tí ń gbẹ́ eyín erin àti ọba tí ń rán wọn níṣẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oríkì ni ó di orúkọ agbẹ́nà mú. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì kú ní 1938, síbẹ̀ oríkì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹnu àwọn ará ilé ni ìwé ẹ̀rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ kì í gbé ilé. Ó ń dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ Bìní, tí kò sì gbọ́ oríkì ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà, kò sí lọ́dọ̀ onítọ̀hún.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúkọ bá wà àti nígbà tí kò bá sí. Akínọlá Láṣekàn, tí ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn West African Pilot, a máa kọ «Lash» sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àwòrán náà lónìí mọ ẹni tí yóò yìn. Ṣùgbọ́n Táíwò Akínkúnmi, akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ya àsíá Nàìjíríà ní 1959, gba ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, ó sì pa dà sílé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gbé ní Ìbàdàn láìjẹ́ pé àwọn tí ń kí àsíá láràárọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọdún 2014 ni ìjọba tó fi oyè dá a lọ́lá; ó sì kú ní 2023.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìwé pẹlẹbẹ? Ẹni tí ó bá ti ṣètò irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé abala bébà kan tí a ṣẹ́ sí méjì a máa di ojú ìwé mẹ́rin. Nítorí náà, iye ojú ìwé tí a gán pọ̀ ní àárín gbọ́dọ̀ ṣe é fi mẹ́rin pín: 8, 12, 16 tàbí 20. Nínú èyí tí ó ní 16, ojú ìwé 1 àti 16 ni yóò jọ wà ní apá kan abala bébà, 2 àti 15 yóò sì wà lẹ́yìn wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ojú ìwé 17, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò, àfi bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ sanwó ogún. Èwo ni yóò yọ? Ó ṣòro fún un láti gé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Kò ní fẹ́ yọ àwòrán tí ìwé fi ń dán. Ojú ìwé tí ó kọ orúkọ àwọn tí ó ni àwòrán sí ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìwà ti ń hàn, nítorí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Ìlà mẹ́ta tó fún orúkọ, ààyè wọn kò sì ṣòro í rí lẹ́yìn ojú ìwé àkọlé. Bí a kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ agbẹ́nà, òtítọ́ ṣì ṣe é kọ: «Ère ojú Idia. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ Igbesanmwan, Bìní. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní 1897.» Ọ̀rọ̀ kékeré yìí dá ọlá pa dà fún ẹni tí ó gbẹ́ ère, ó sì sọ fún òǹkàwé bí ère náà ṣe di ará ìdálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí yóò di olùkọ́. Ọmọ tí ó bá gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́, tí ó rí ọnà dáradára níwájú rẹ̀ láìrí orúkọ ẹnikẹ́ni, ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́: pé ènìyàn lè mú ohun ẹlòmíràn kí ó sì dákẹ́. Yorùbá ní ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá da àrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Èèpo ìwé ni àrán ìwé. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí tirẹ̀ dán kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti sọ ẹni tí ó hun ún.