Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò: nígbà tí ohun àtijọ́ bá dákẹ́ iṣẹ́, kí ni ó tọ́ kí a ṣe sí i? Ṣé kí a gbé e sọ sí ààtàn ni, tàbí kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí a fi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, tí ìgò ńlá sì wà nínú rẹ̀. Ará Jámánì kan, Ferdinand Braun, ni ó ṣe irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní 1897. Irú rẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn fi wo àwòrán nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá, 1959.

Lónìí, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ti gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ní Amẹ́ríkà, ní Jàpáànù àti ní Yúróòpù ń wá ògbólógbòó wọ̀nyí kiri, wọ́n sì ń tún wọn ṣe láti fi ṣe eré ẹ̀rọ ayé àtijọ́. Ẹ má ṣe rò pé asán ni. Nínú eré Duck Hunt, tí Nintendo gbé jáde ní 1984, ìbọn ni a fi ń ta pẹ́pẹ́yẹ. Bí a bá yin ìbọn náà, ojú tẹlifíṣọ̀n a ṣókùnkùn, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà a sì funfun ní ìṣẹ́jú akàn. Ẹnu ìbọn ni ó ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn. Tẹlifíṣọ̀n tuntun a máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fi í hàn, nítorí náà ẹni tí ó ta á gan-an yóò dà bí ẹni tí ó tàsé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Báwo ni a ti ń jí òkú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ìwádìí ni. Bí ìlà funfun kan ṣoṣo bá dùbúlẹ̀ láàrin ojú rẹ̀, ìgò náà kò kú. Apá tí ń fa ìtànṣán lọ sókè àti sísàlẹ̀ ni ó dákẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ojú ibi tí a fi òjé jó ni ó sán. Bí àwọ̀ bá dàrú ní igun kan, ó lè jẹ́ pé òòfà ni ó bà á jẹ́, a sì lè yọ ọ́ kúrò. Mélòó ni a ti sọ nù nítorí ohun tí ìka méjì lè gbé!

Ẹnìkan lè wí pé ogbó kò ní oògùn. Òótọ́ ni. Bí ìgò bá fọ́, ó parí. Ẹni tí kò mọṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí iná inú rẹ̀ lè tó 25,000 fóltì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Sùúrù tí kò ní ìmọ̀ nínú a máa pani. Ṣùgbọ́n ohun tí a sọ nù kò kúrò láyé: òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀, àgbàlá ẹlòmíràn ni a sì gbé e lọ.

Èmi fúnra mi jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà kan, mo pe ọmọkùnrin kan ní olódo fún odidi sáà kan, mo sì fi í jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ìyá rẹ̀ ni ó wá sọ fún mi pé ojú ọmọ náà kò ríran jìnnà. Mo gbé e wá síwájú, ó sì ń kàwé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan kí n tó dájọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa wádìí kí a tó sọ nù.