Iṣẹ́ Ti Pé, Ìwé Kò Pé

 

Ṣáájú Ramadan yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní káàdì kan pé kí n bá òun mú un dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ nínú Scout kó lè fọwọ́ sí i. Mo jù ú sínú mọ́tò, mo gbàgbé. Kí n tó rántí, olùkọ́ náà ti kó kúrò ní Atlanta lọ sí Texas, ọmọ sì ti pé ọdún 18.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà nínú Scouting America mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kí ọmọ tó lè di Eagle Scout, ipò tó ga jù lọ níbẹ̀, yóò gba báàjì 21, yóò ṣe olórí fún oṣù 6, yóò sì darí iṣẹ́ àǹfààní kan fún ará ìlú. Ó gbọ́dọ̀ parí gbogbo rẹ̀ kó tó pé 18. Ìjókòó ìgbìmọ̀ tí yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nìkan ló lè wáyé lẹ́yìn náà.

Ẹnì kan tó fẹ́ràn wa ní kí n kúkú fọwọ́ sí i ní orúkọ olùkọ́, kí n fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i, iṣẹ́ ṣáà ti di ṣíṣe. Ẹlòmíràn ní kí ọmọ gba kádàrá, òfin ni òfin. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bá mi jí sàárì.

Ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, Súrà Baqarah ẹsẹ 282, orí kíkọ ìwé gbèsè ló dá lé. Ọlọ́hun kò fojú kéré ìwé, kí àwa náà má sọ fún àwọn ọmọ wa pé ìwé lásán ni. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ yẹn kan náà, bí onígbèsè bá jẹ́ aláìlágbára, alámòójútó rẹ̀ ni yóò bá a sọ ohun tí wọn yóò kọ. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá fi ẹ̀rí pamọ́. Àgbà ló ń bá ọmọdé ru ẹrù ìwé.

Mo wá rí i pé ìwé pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ń ṣíwájú iṣẹ́. Níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, a kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ oníbàárà kí àṣẹ tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ àǹfààní Eagle: wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ètò rẹ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí aniyah ààwẹ̀ Ramadan, tó gbọ́dọ̀ ṣáájú àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọmọ tó bá fò ó ti fi apá kan iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìwé kejì ń tẹ̀ lé iṣẹ́ láti jẹ́rìí sí i. Ọ̀pọ̀ òbí wa nílé ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti lọ búra ọjọ́ orí. Ta ló máa sọ pé a kò bí wọn?

Irú kejì ni káàdì ọmọ yìí, n kò sì gbà pé kó tìtorí rẹ̀ pàdánù ipò. Wọ́n lè ní kò dáa sí àwọn ọmọ tí ìwé tiwọn pé. Àmọ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti ṣe Scout níbí mọ gbogbo ọ̀nà ìwé; ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn ń dá a wá ni. A kò dá báàjì sílẹ̀ fún àwọn tí ẹbí wọn kì í gbàgbé nǹkan.

Síbẹ̀, n kò lè fọwọ́ ayédèrú sí i. Ọmọ tó ń gba ààwẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ, tí kò sì mu omi, èmi kọ́ ni yóò kọ́ ọ ní irọ́.

Mo pe olùkọ́ náà, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo gbàgbé. Ó rántí ọmọ náà, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ̀wé pé iṣẹ́ ti parí kí ọmọ tó pé 18, ó sì fi ọjọ́ tó kọ ọ́ gan-an sí i. Èmi náà kọ tèmi. Ìgbìmọ̀ kò tíì dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó nírú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọmọ ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ tó bèèrè ìwé. Ẹ̀yin òbí, kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé, ẹ yẹ inú mọ́tò yín wò.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní ìjọ́sìn, kí Ó ṣe wá ní ẹlẹ́rìí òdodo fún àwọn ọmọ wa. Aamiin.