Ta Ni Yóò San Owó Ìsúnmọ́?

Àwọn àgbà ní èèyàn gbé òkèèrè níyì, súnmọ́ni là ń mọ̀ṣe ẹni. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á nígbà tí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá bá ṣe ohun tí a kò rò sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bi òwe náà léèrè ohun kan tí kò sọ. Nígbà tí a bá súnmọ́ nǹkan kí a lè mọ̀ ọ́n, èló ni ìsúnmọ́ yẹn? Ta ló sì ń san án? Ṣé àwa tí a fẹ́ mọ̀ ni, àbí ẹni tí a fẹ́ mọ̀?

Ohun tó gbé ìbéèrè yìí sí mi lọ́kàn kò tóbi rárá. Ẹja ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì nínú yàrá tó gbà lẹ́yìn ọgbà, èmi sì ní kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan. Ẹja náà ò ju ìka ọwọ́ lọ. Pelvicachromis pulcher ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, kribensis ni àwọn tó ń sìn ín ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ wa ni o: inú odò gúúsù Nàìjíríà àti ti Cameroon ló ti ṣẹ̀ wá kó tó di ohun tí wọ́n ń sìn nínú ilé káàkiri ayé. Bí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí osùn. Inú ihò ló ń yé e sí, akọ àti abo á sì jọ máa kó àwọn ọmọ kéékèèké kiri bí adìyẹ ṣe ń kó òròmọ. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní fẹ́ wò ó sí i?

Ẹni tó bá fẹ́ ya ojú ẹja yìí, tàbí ìpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́ńsì macro ni wọn yóò ní kó lọ rà. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. Àwa tí à ń mu gàrí kí oṣù tó parí, túùbù la ń lò. Òrùka gígùn kan ni, extension tube lorúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó, owó pọ́ọ́kú ni. Ẹ ó yọ lẹ́ńsì kúrò lára kámẹ́rà, ẹ ó ki túùbù sáàárín wọn. Kò sí gíláàsì kankan nínú rẹ̀, ó ṣófo. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé ó ń ti lẹ́ńsì jìnnà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di àwòrán nínú kámẹ́rà. Bí lẹ́ńsì ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lè súnmọ́ ẹja tó, kí àwòrán sì dá ṣáká.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú lẹ́ńsì mílímítà 50, kí ẹ fi túùbù mílímítà 25 sí i, ohun tó gùn ní mílímítà 10 á hàn ní mílímítà 5 nínú kámẹ́rà. Ẹ fi túùbù 50 sí i, mílímítà 10 gẹ́lẹ́ ni yóò hàn. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tà pọ̀: 12, 20 àti 36. Ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó di 68, nǹkan á wá tóbi nínú àwòrán ju bó ṣe rí lójú ayé lọ. Òfìfo lásán ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí o.

Ṣùgbọ́n òfìfo kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni ìmọ́lẹ̀. Níbi tí ẹja bá ti hàn bó ṣe tóbi gẹ́lẹ́, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ń kù. Èkejì ni àyíká. Kódà bí ẹ bá fún ojú lẹ́ńsì pọ̀ dé f/8, ibi tó dá ṣáká kò nípọn ju bíi mílímítà kan lọ. Ẹyinjú ẹja á hàn kedere, ẹnu rẹ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀ á ti di kùrukùru. Ẹ̀kẹta ló máa ń bà mí lẹ́rù jù: ẹni tó so túùbù mọ́ kámẹ́rà kò lè rí ọ̀kánkán mọ́. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ kọ kámẹ́rà sí i, ìkùukùu lẹ ó rí. Ẹni tó súnmọ́ ohun kan dé góńgó ti fọ́jú sí ìyókù nìyẹn. Ẹ ò rí i pé òwe àwọn àgbà ò parí síbẹ̀? Súnmọ́ni là ń mọ̀ṣe ẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mílímítà kan ṣoṣo nínú ìṣe náà ni.

Ọ̀nà méjì ló wà láti san owó yìí. Ọ̀nà kìíní, kí ayàwòrán san án fúnra rẹ̀. Á nu gíláàsì tinú tòde. Á kọ lẹ́ńsì sí gíláàsì gbọọrọ, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́, torí bí a bá gba ẹ̀gbẹ́ wò ó, gíláàsì àti omi á tẹ ìmọ́lẹ̀, àwòrán á dàrú. Á pa iná yàrá, á fi aṣọ dúdú bo ẹ̀yìn ara rẹ̀ kí òjìji rẹ̀ má bàa hàn nínú gíláàsì, á gbé iná sókè orí omi. Lẹ́yìn náà, á jókòó. Iṣẹ́ gan-an nìyẹn, ìjókòó. Ẹja ò mọ̀ pé ẹ ní kíláàsì aago méjì. Ó lè lo wákàtí kan nínú ihò rẹ̀ kó tó yọjú, nígbà tó bá sì yọjú, NEPA á mú iná lọ. Ẹ ó tún padà wá lọ́la.

Ọ̀nà kejì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á kó ẹja náà sínú àpótí tóóró kan tí kò ti lè yí padà, tàbí kí wọ́n ki gíláàsì mìíràn sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tì í mọ́ iwájú. Bí kò bá kọjú síbi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á kan gíláàsì kó kó kó. Ìlà kan wà lára ẹja, láti ẹ̀yìn orí dé ìrù, tó fi ń mọ bí omi ṣe ń mì. Ohun tó jẹ́ kíkàn lásán létí tiwa, gbogbo ara ló fi ń gbọ́ ọ. Ẹja tó jẹ́ pé inú ihò ló ti ń rí ìfọ̀kànbalẹ̀, wọ́n ti gba ihò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwòrán ti jáde. Ó pọ́ọ́kú, ó yá. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó pọ́ọ́kú tí ẹnìkan ò bá wa san ìyókù rẹ̀. Nínú àpótí tóóró yẹn, ẹja ló san án.

Ẹ ó sọ pé, ṣebí ẹja lásán ni. Ní ọdún 2003, Lynne Sneddon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bìrìtéènì gbé ìwádìí jáde lórí ẹja kan tí wọ́n ń pè ní trout. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fi oró oyin tàbí ásíìdì sí ètè rẹ̀. Àwọn ẹja náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jẹun, àwọn tí wọ́n fún ní ásíìdì tilẹ̀ ń fi ètè ha òkúta ilẹ̀ omi. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ẹja ń mọ̀ lára. Èmi ò ní dá ẹjọ́ wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí kò dá a lójú bóyá ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìmọ̀lára, ẹsẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé.

Àtakò kan wà tó lágbára ju ìyẹn lọ. Ẹ ó ní, ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣé o kì í jẹ ẹja ni? Mò ń jẹ ẹ́ o, pẹ̀lú ẹ̀bà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ibi tí mo rò ó dé ni pé ẹni tó dín ẹja kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ràn ẹja náà. Ó ní ebi ń pa òun, òótọ́ ló sì sọ. Ayàwòrán ló ń gbé àwòrán síta pé, ẹ wá wo ẹwà, ẹ wo bí ẹ̀dá yìí ṣe ń gbé ayé. Bó bá jẹ́ pé ó fún ẹja náà pọ̀ kó tó yà á ni, irọ́ ló pa, nítorí ẹja tí ẹ̀rù ń bà kì í gbé bẹ́ẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á pa lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra. Ohun tó ní òun wá wò ti sá lọ kó tó wò ó.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹja láé. Bí egbò bá wà lára rẹ̀, tí a kó o sínú àpótí kékeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú omi tirẹ̀, kí a lè rí egbò náà tọ́jú, ẹja fúnra rẹ̀ ni yóò jèrè ìdààmú yẹn. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò nìyí: bí èrè bá jẹ́ tèmi nìkan, owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tèmi.

Ọ̀rọ̀ yìí ò kan oníkámẹ́rà nìkan. Ó kan àwa tí à ń kọ ewì sínú ìwé yìí. Àwa náà ní túùbù tiwa. À ń súnmọ́ ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì, à ń súnmọ́ ọ̀rẹ́ tí bàbá rẹ̀ kú, a wá fi mílímítà kan nínú ìrora wọn kọ ìlà mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mélòó la fi jókòó tì wọ́n? Ṣé wọ́n yọjú sí wa fúnra wọn ni, àbí a fi ìbéèrè tì wọ́n mọ́ gíláàsì? Ewì ò náni ju bírò àti bébà lọ, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti gbàgbé pé ẹlòmíràn lè ti san ìyókù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí owó macro ò sí lọ́wọ́ yín bíi tèmi, ẹ ra túùbù, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ súnmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù, ẹ wá iná kún un. Bí ẹja ò bá jáde, ẹ jókòó. Èyí tí a ò bá ní ìmọ́lẹ̀ àti àkókò tó láti rí, ẹ jẹ́ kó wà nínú ihò rẹ̀.