Ilé Ọlá, Ilé Ọnà

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tí àdánù dé bá la máa ń fi òwe yìí tù nínú, bẹ́ẹ̀ òfin ìkọ́lé kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà kà sí: ìgbà tí wọ́n bá ń tún ààfin mọ láti ìpìlẹ̀ ni ẹwà ń wọ ibẹ̀. Wọn kì í mọlé tán kí wọ́n tó máa wá ẹwà rà kiri. Olówó òde òní ti yí i po. Yóò kọ́lé, yóò lẹ táìsì, yóò gbé àga aláwọ sí pálọ̀, ìgbà náà ni yóò tó béèrè àwòrán tí yóò bá àwọ̀ àga mu. Àga di ọ̀gá, iṣẹ́ ọnà di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n bí sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Àwọn òpó náà kì í ṣe ohun àfiṣọ̀ṣọ́ lásán, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé ró. Ọ̀kan jẹ́ ọba lórí ìtẹ́, tí ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, ayaba sì ga ju ọba lọ. Òpó yẹn ti wà ní Art Institute ní Chicago báyìí. Lára ilẹ̀kùn ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ kan sí, tí wọ́n rù ú wá sí Ìkẹ́rẹ́, tí Ògògà sì jókòó dè é. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wọ British Museum lójú. Ògògà gba ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Ní tèmi o, òyìnbó ló jèrè.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wá kí ọba, tó jókòó lábẹ́ òrùlé yẹn, ti wà láàrin iṣẹ́ ọnà kí ó tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó wá wò ó.

Àgbàlá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ̀nyẹn yí ká. Ojú ọ̀run ló là sí: òjò ń rọ̀ sí àárín rẹ̀, wọ́n á fi ìkòkò gbe omi, ìyókù á gba ojú àgbàrá lọ. Etí òrùlé wálẹ̀ dáadáa, kí oòrùn lè mọ́ sínú ilé láì na òpó. Ibẹ̀ ni ẹjọ́, ibẹ̀ ni ijó, ibẹ̀ ni eré ọmọdé. Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Brazil dé sí Èkó, wọ́n kó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bọ̀, pẹ̀lú òdòdó sìmẹ́ńtì lójú fèrèsé. Ó wù wá, ó sì yẹ kó wù wá. Ṣùgbọ́n bí ilé tí yàrá kọjú síra wọn ti ń gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgbàlá ń pa dé. Lónìí, ènìyàn á kọ́lé oní-pálọ̀ mẹ́ta sí Lẹ́kkí, lọ́jọ́ ìkómọ, kánópì á dí títì pa. Ẹlòmíràn á ní yàrá kótópó ń gba ogún ọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ogún ènìyàn kọ́ ló ń wá síbi ìkómọ Yorùbá.

Nítorí náà, àgbàlá ni kí ayàwòrán-ilé kọ́kọ́ fà sórí ìwé, kí yàrá tó yí i ká. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ ká wo àwọn tí yóò gbé inú ilé náà ká tó fà á láwòrán. Màmá àgbà kò lè máa gun àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ni yàrá rẹ̀, kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá, kó lè máa wòran láì jáde. Ọ̀nà tí àlejò ń gbà kò gbọdọ̀ kọjá lójú yàrá onílé. Ẹ ṣe ibi ìdáná onígi fún àwọn alásè ní ẹ̀yìnkùlé, kó ní òrùlé, omi àti gọ́tà, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ já sí àgbàlá tààrà. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí dùndún ń sọ.

Iṣẹ́ ọnà pàápàá ní ọ̀tá tirẹ̀. Ikán ń ti ilẹ̀ bọ̀, òpó onígi kò gbọdọ̀ fara kan erùpẹ̀. Ẹ gbé e lé òkúta tàbí kọnkéré. Ọyẹ́ ń la igi, atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù tó dojú kọ igi náà ń là á. Oòrùn ọ̀sán ń pa aró, nítorí náà kò yẹ ká ta àdìrẹ ẹlẹ́lùú sára ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n ògiri fúnra rẹ̀ lè di iṣẹ́ ọnà. Adébísí Àkànjí ti Òṣogbo, bíríkìlà ni kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Sìmẹ́ńtì ló fi ń mọ ògiri alójúhò tí ènìyàn àti ẹranko kún inú rẹ̀. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àkànjí mọ̀ọ́mọ̀ la ògiri lẹ́nu ni, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀, tí ẹ kò tíì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ wá gbẹ́nàgbẹ́nà lọ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí òun àti ayàwòrán-ilé jọ jókòó, kí ìyá ilé náà wà níbẹ̀. Ẹ san owó gbẹ́nàgbẹ́nà kí ẹ tó ra mábù. Igi tútù kì í gbẹ lọ́jọ́ kan, ẹ tètè pè é.