Ọwọ́ Tó Wọ Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìgbà tí a bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ la sábà máa ń pa òwe yìí. Àmọ́ fíìmù J'ai huit ans (Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí), tí Yann Le Masson àti Olga Poliakoff ṣe ní 1961, jẹ́ kí n rí i pé kèrègbè náà jìn.

Ogun òmìnira Àlgéríà lọ́wọ́ Faransé ló dá lé. Wọ́n fún àwọn ọmọ tí ogun lé dé Tùnísíà ní bébà àti àwọ̀ pé kí wọ́n máa yàwòrán. Frantz Fanon, dókítà ọpọlọ, wà lára àwọn tó kó àwòrán náà jọ. Eré ọmọdé ṣáà ni, àbí? Ṣọ́jà, ọkọ̀ òfuurufú àti ilé tó ń jó ni wọ́n yà. Ohùn àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń ròyìn. Kò sí àgbà tó ń túmọ̀ ìrora wọn fún wa, mo sì fẹ́ràn ìyẹn gidigidi. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: oṣù Kọkànlá ọdún 1954 ni ogun bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ní 1961 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn nígbà náà ni. Kò lè rántí àlàáfíà.

Pẹpẹ wá ńkọ́? Àgbà ló ni kámẹ́rà, òun ló ṣa àwòrán, òun ló tò wọ́n. Ìyẹn ń kọ mí lóminú díẹ̀. Ìjọba Faransé kò dúró jiyàn ní tiwọn: wọ́n fòfin de fíìmù tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ.